Lẹ́tà sí Fúnmi: àwọn obìnrin oníyọ̀ Djègbadji

Fúnmi mi ọ̀wọ́n,

Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, àti bàbá wọn? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Mo jẹ ọ́ ní ìròyìn Ouidah tá a lọ ní ilẹ̀ Benin, mo sì mọ̀ pé o ti ń ṣètò bí o ṣe máa fi fóònù bú mi, jẹ́ kí n tètè san gbèsè.

A dé ibi Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ létí òkun, èyí tí wọ́n kọ́ fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. A wò ó, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó dé ibẹ̀ láti ìgboro, abúlé kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Djègbadji, ibẹ̀ lẹsẹ̀ mi dúró sí. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ṣe iyọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ló ń bá wa túmọ̀.

Fúnmi, wọn kì í kàn ń bu omi òkun sè o. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀! Omi òkun máa ń wọ inú ọ̀sà, á sì rin ilẹ̀ àbàtà tó yí i ká. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi fà sẹ́yìn, oòrùn á fa iyọ̀ jáde sójú ilẹ̀. Èèpẹ̀ òkè yẹn nìkan ni wọ́n ń ha jọ, wọn kì í walẹ̀ jìn. Wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí wọ́n gbé ka orí igi, wọ́n á da omi ọ̀sà lé e, omi á wá máa kán tó, tó, sínú ohun tí wọ́n gbé sábẹ́. O rántí bí àwọn aláró Ìtòkú ṣe ń sẹ́ eérú? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé omi náà ti níyọ̀ tó? Màmá kan tú kókó aṣọ rẹ̀, ó mú èkùrọ́ kan jáde, ó jù ú sínú omi. Èkùrọ́ rì. Màmá ò sọ nǹkan kan, ó bu omi náà padà sórí èèpẹ̀. Ó lọ sídìí apẹ̀rẹ̀ kejì, ó tún ju èkùrọ́ sí tibẹ̀. Èyí léfòó, ó ń yí gbirigbiri lójú omi. Ó ní ìyẹn ti tó gbé kaná. Ìwọ tó o ka kẹ́mísírì, o mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ.

Ilé koríko ni wọ́n ti ń sè é, lórí ààrò amọ̀. Èéfín ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ojú mi ń dà, mo sáré jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, ọ̀kan tiẹ̀ pọnmọ. Tómi bá gbẹ tí iyọ̀ dì, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kómi tó kù ro dànù. Tí òjò bá dé, iṣẹ́ parí nìyẹn, omi òjò á ti la iyọ̀ inú ilẹ̀.

Igi ni wàhálà wọn. Máńgúrófù etí ọ̀sà ni wọ́n ń gé dáná, láàárín gbòǹgbò rẹ̀ sì ni ẹja ń pa ọmọ sí. Láti ọdún 2000 ni agbègbè ọ̀sà náà ti wà lára àwọn ilẹ̀ àbàtà tí àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ilẹ̀ àbàtà, ń dáàbò bò. Ọkùnrin kan tá a jọ wá ní kí ìjọba kúkú fòfin de iyọ̀ sísè. Inú bí mi. Òun ti ya fọ́tò tán, ó ń padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ni kí àwọn obìnrin yẹn wá máa jẹ? Lápá Bouche du Roy, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, Sàngbétò, eégún aṣọ́de tá a mọ̀ dáadáa ní Àgbádárìgì, ni wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn igi kan, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fàdá kàn án. Ìyẹn yé mi. Ní Guinea àti Guinea-Bissau, àwọn oníyọ̀ láti Guérande ní ilẹ̀ Faransé ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń da omi iyọ̀ sórí tàpólì kí oòrùn gbẹ ẹ́, láìdáná rárá. Mo bi màmá bóyá wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ta ló máa ra tàpólì?”

Mo ra díẹ̀ fún ọ. Àbúrò mi tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù tó ń bọ̀ ló máa mú un wá. Fi se ẹ̀fọ́ rírò, ṣùgbọ́n máa ra ti ṣọ́ọ̀bù náà fún àwọn ọmọ, torí áyódínì tó ń dènà gẹ̀gẹ̀. Kọ̀wé padà o, má kàn fi fóònù rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùnní