Àdùnkẹ́, kí ló dé tó ò sọ fún mi pé o kì í rí oorun sùn?

Àdùnkẹ́ mi,

Mo pè ẹ́ láàárọ̀ o ò gbé e, mo tún pè lálẹ́, ó wá di “mo wà ní kíláàsì mọ́mì” lo tẹ̀ ránṣẹ́. Kíláàsì wo ni wọ́n ń ṣe laago mẹ́wàá alẹ́? Ọ̀rẹ́ ẹ tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ti sọ fún mi o, má sì bá a jà, ẹ̀rù ló bà á. Ó ní bí òun bá jí ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí òun á bá ẹ níjòókòó létí bẹ́ẹ̀dì, o tẹ̀ síwájú, o fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, àyà ẹ á máa sú fèé, tóun bá wá bi ẹ́ wàá ní kóun lọ sùn, pé kò sí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan, Àdùnkẹ́?

Ara mi ò balẹ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, fún wa ní ọsibítù nígbà tó o wà ní kékeré: ohun tí ara fúnra ẹ̀ fi ń dín wíwú inú ọ̀nà èémí kù máa ń lọ sílẹ̀ lóru, ọ̀nà náà á wá fún, ìdájí ló sì máa ń le jù. Ẹni tí ikọ́ fée bá ń jí lójú oorun, àìsàn ẹ̀ ò tíì gbọ́ oògùn nìyẹn, ì báà máa sáré kiri lọ́sàn-án. Ínhélà búlúù, oògùn tó o máa ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí bá há, á ṣí ọ̀nà fún ẹ lóòótọ́, àmọ́ kò ní mú wíwú inú ọ̀nà èémí lọ. Èyí tí wọ́n ní kó o máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́ ló ń ṣe ìyẹn, bó o rí nǹkan bó ò rí nǹkan, kó o sì fi omi yọ ẹnu dà nù lẹ́yìn ẹ̀ kí nǹkan funfun má baà hù sí ẹ lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé owó ni. Látìgbà tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK ti kógbá wọlé ní Nàìjíríà ní 2023 ni owó ínhélà ti fò lọ sókè, mo wá ń rò ó pé ṣe lò ń ṣọ́ ọ lò bí ẹni tó ń ṣọ́ epo inú àtùpà. Kí ló dé tó ò béèrè? Ṣé mo ti sọ fún ẹ rí pé kò sí?

Bàbá ẹ ti tún páànù ilé ìdáná ṣe o. Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà bí ìbejì.

Kọ́ìlì ẹ̀fọn tẹ́ ẹ̀ ń tàn nínú yàrá yẹn, ẹ pa á, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì. Tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ẹ̀gbẹ́ yín bá ń tú èéfín sójú wíńdò, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e jìnnà. Fi omi gbígbóná fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti àpò píló lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kòkòrò tíntìntín tójú ò rí ló ń gbébẹ̀. Má sì jẹ ẹ̀bà tán laago mọ́kànlá kó o wá na ẹ̀yìn sílẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé tí oúnjẹ bá ti ń ru padà sọ́fun, ikọ́ dé nìyẹn. Ibuprofen tó o máa ń lò nígbà nǹkan oṣù, bi dókítà léèrè kó o tó tún lò ó, ó máa ń ru ásímà sókè fún àwọn míì.

Èmi ni mo kọ́ ẹ láti fi pa mọ́. Nígbà tó o wọ sẹ́kọ́ńdìrì mo ní má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ínhélà lọ́wọ́ ẹ, ọ̀rọ̀ ọkọ ni mò ń rò, kí wọ́n má baà ní irú àìsàn báyìí wà nídìílé wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Ó ń dùn mí gan-an, Àdùnkẹ́. Gbé e sórí tábìlì níbi tí gbogbo wọn ti máa rí i, kó o kọ́ ọ̀rẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Tó bá tún gbé e dé, má dùbúlẹ̀. Jókòó dáadáa, fa búlúù lẹ́ẹ̀kan, dúró bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, tún fà á, kó má kọjá mẹ́wàá, tí ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu bá wà, lò ó. Tí ò bá rọlẹ̀, tàbí tó ò lè sọ̀rọ̀ délẹ̀, tàbí tí ètè ẹ ń dúdú, jí àwọn ará yàrá, kí wọ́n gbé ẹ lọ ọsibítù lóru yẹn náà. Má ní o ń dúró kílẹ̀ mọ́. Mo tún sọ ọ́ o, má dúró kílẹ̀ mọ́! Má ronú owó, má ronú pé o ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Owó á wọlé lọ́la. Ra ti àárọ̀ àti alẹ́ kó o tó ra nǹkan míì, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó o sì padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí kó tún un wò. Mo máa pè láago mẹ́sàn-án alẹ́ òní, jọ̀ọ́, gbé e.

Ìyá ẹ