Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi n'Ìkọ̀lé-Èkìtì: kí kèrègbè sinmi ná

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ewu iṣẹ́ abẹ o. Wọ́n ní ẹ ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sì ti ń bèèrè ẹlẹ́mu. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí n tètè kọ̀wé.

Ẹ tú àpò oògùn tí wọ́n fún yín nílé ìwòsàn sórí tábìlì, ká wo èyí tí kò gbọ́dọ̀ bá ọtí pàdé. Oògùn apakòkòrò pọ̀, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Èyí tí wọ́n bá kọ Flagyl tàbí metronidazole sí lára ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, wọ́n sì sábà máa ń fún ẹni tí wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì fún bíi tiyín. Bí òun àti ọtí bá pàdé, ojú àti ọrùn lè gbóná, kí orí máa fọ́, kí àyà máa lù kì-kì-kì, kí èébì sì gbéni. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ara rẹ̀ dán an wò? Ikùn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún yín. Gbogbo ìgbà tí èébì bá ká ikùn kò, ojú abẹ ló ń fà. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì náà lè bá a jáde.

Amoxicillin àti Augmentin, tí àwọn náà jẹ́ apakòkòrò, kì í bá ọtí jà báyẹn. Ẹni tó ní ọtí ń pa agbára gbogbo kápúsù, àsọdùn ni. Ojú abẹ gan-an ni ọtí ń ṣe níbi: ó ń fa omi ara gbẹ, kì í jẹ́ kéèyàn sùn wọra, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù. Ó ku oògùn ìrora: diclofenac pẹ̀lú ọtí lè dá egbò sí inú, kó máa ṣẹ̀jẹ̀. Tramadol, oògùn ìrora kejì, ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo wọn. Òun àti ọtí jọ ń tẹ èémí mọ́lẹ̀ ni. Èèyàn lè sùn kí èémí má tó mọ́.

Mo ti ń gbọ́ èsì yín: "Ẹmu àárọ̀ dídùn kì í ṣe ọtí." Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀pẹ jù mí lọ. Ìwúkàrà tó kù sínú kèrègbè láti àná ti ń ṣiṣẹ́ kí adẹ́mu tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Fóòmù funfun tó ń hó lẹ́nu kèrègbè yẹn, ṣúgà tó ń di ọtí ni. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti le bíi bíà. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Pàràgà ńkọ́? Ọtí ni. Oògùn ikọ́ olómi míì náà ní ọtí nínú. Ẹ yẹ ara ìgò wò.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín á ní kí ẹ fo oògùn alẹ́ kí ẹ lè mu ẹmu díẹ̀. Kò ràn án. Ó ń gbà tó wákàtí 8 kí ìdajì metronidazole tó kúrò lára, wákàtí 8 mìíràn kí ìdajì ìyókù tó lọ. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí ọjọ́ 3 pé lẹ́yìn tábúlẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fẹnu kan ọtí. Bí ẹ bá lo ìyẹn ní aago 10 alẹ́ Ọjọ́bọ̀, aago 10 alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ló pé. Bí tramadol bá ṣì kù nílẹ̀, ẹ ṣì ń dúró nìyẹn.

Bí ẹ bá ti mu ọtí kí lẹ́tà yìí tó dé, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì. Ẹ dá ọtí dúró, ẹ mu omi, ẹ pe ẹni tó kọ oògùn fún yín. Bí èébì ò bá dá, bí mímí bá ṣòro, bí wọ́n bá jí yín tí ẹ ò tètè jí, tàbí tí ojú abẹ bá ń ṣọyún, ilé ìwòsàn lọ́gán.

Àwọn tó bá gbé ìgò schnapps wá kí yín, kí ìyàwó wa bá yín gbà á, kó tì í mọ́ àpótí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ hàn yín.

Àbúrò yín