Ẹ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ ìlera wá sí abúlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú mi dùn nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ kéde ní ọdún 2023 pé òun yóò tún òṣìṣẹ́ ìlera 120,000 dá lẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, nítorí ẹni tó bá mọ abúlé dáadáa mọ̀ pé dókítà kì í sábà débẹ̀, nọ́ọ̀sì pàápàá sì ṣọ̀wọ́n. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, tí wọ́n ń pè ní CHEW àti JCHEW (JCHEW ni àwọn tí ipò wọn kéré sí ti CHEW), ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rí. Níbòmíràn, àwa náà ni wọ́n ń rí kẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn aláṣẹ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ibi tí iṣẹ́ wà ni kí wọ́n ti máa kọ́ wa.

Kì í ṣe pé a kò kàwé. Ọdún 2 ni JCHEW ń lò ní ilé ẹ̀kọ́, CHEW ń lo ọdún 3, àjọ tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀ sì ń forúkọ wa sílẹ̀. Àmọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kì í dúró sójú kan. Ẹni tó jáde ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú ọdún 2005, chloroquine ni wọ́n kọ́ ọ pé kó máa fún oníbà. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba pa á tì, tí wọ́n fi oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin rọ́pò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ kò sí nínú ètò nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kàwé. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀, tí Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́, tí Ọ̀yọ́ sì tẹ̀lé wọn ní 2024. Bí wọn kò bá kọ́ òṣìṣẹ́ bí yóò ṣe fi ọkàn ìyá ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 balẹ̀ pé abẹ́rẹ́ yìí kò ní sọ ọmọ rẹ̀ di àgàn, ńṣe ni àwọn ìyá yóò máa fi ọmọ pamọ́ fún un.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́? Wọ́n á gba gbọ̀ngàn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á kọ̀wé sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fi ènìyàn méjì ránṣẹ́, orúkọ àwọn tó sún mọ́ tábìlì ọ̀gá ni yóò sì wọlé. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé fáìlì ni iṣẹ́ rẹ̀, tó ti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìtọ́jú ọmọ jòjòló léraléra. Bí wọ́n bá sì wá rántí ẹni tó wà lábúlé, òun nìkan ló ń dá ilé ìwòsàn rẹ̀ ṣe: gbogbo ọjọ́ tó bá fi jókòó sí gbọ̀ngàn n'Ìbàdàn, títì ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ yóò wà. Mi ò ní kí wọ́n má san owó àjẹmọ́nú o. Owó ọkọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wa. Bí ọmọdé bá ń wúkọ́, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí a tó lè sọ bóyá òtútù àyà ni, a ní láti ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Fún ọmọ oṣù 2 sí oṣù 11, bó bá ti tó 50, ó ti yára jù. Fún ẹni tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé ọdún 5, bó bá ti tó 40 ni. Ní gbọ̀ngàn, wọ́n á fi fídíò hàn wá lára ògiri, gbogbo wa á kà á, gbogbo wa á sì gbà á. Lábúlé, ọmọ ń ké, ìyá ń jì í, aṣọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀, aago ara ògiri ti kú, èrò sì kún orí bẹ́ǹṣì. Èémí ọmọ tó ń ké kò ṣeé kà. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe ní kí ìyá fún ọmọ lọ́mú títí yóò fi dákẹ́, bí yóò ṣe ká aṣọ sókè tí ikùn yóò fi hàn, kó wá tẹjú mọ́ ibi kan ṣoṣo níbẹ̀, kó máà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ títí ìṣẹ́jú yóò fi pé. Irú èyí, àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dúró tì ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fi ojú díwọ̀n: yóò máa fún gbogbo oníkọ́ ní amoxicillin, tàbí kó ní kí ọmọ tó yẹ kó sáré gbé lọ sí ọsibítù máa lọ sílé.

Ohun tí mò ń béèrè kì í ṣe tuntun ní Ìbàràpá níbí. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọ̀rà, kí wọ́n lè gbé láàárín ará ìlú, kí wọ́n sì rí àìsàn níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí yóò di dókítà bá ń fi Ìbàdàn sílẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa, kí ló dé tí àwa tí à ń gbé ibẹ̀ fi ní láti lọ kọ́ iṣẹ́ abúlé n'Ìbàdàn? Àwọn àgbà Ìdèrè, ní Ìbàràpá níbí kan náà, kò sì tíì gbàgbé sòbìyà. Ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣe é ní Nàìjíríà lé ní 650,000 lọ́dún kan. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn. Aṣọ ìsẹ́mi, omi tó mọ́, àti àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ nílé wọn bí a ti ń sẹ́ omi, bí a ti ń di egbò, bí a ti ń kọ iye aláìsàn sílẹ̀, tí alábòójútó sì ń padà wá bẹ̀ wọ́n wò, ni wọ́n fi lé e lọ.

Ti àwọn Fúlàní inú gáà tún ṣe pàtàkì, torí èdè. Nígbà tí ìjọba dá ètò CHIPS, tó ń lo ará àdúgbò fún iṣẹ́ ìlera láàárín ìlú, sílẹ̀ ní 2018, ohun tí wọ́n sọ ni pé láàárín àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni wọn yóò ti yan àwọn tí wọn yóò kọ́. Ìlànà yẹn dára. Kí wọ́n kọ́ obìnrin kan láti inú gáà ní èdè rẹ̀, kí CHEW tó sún mọ́ ọn jùlọ sì máa bẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má sọ fún wa pé kò sówó. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní kí wọ́n ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́ọ́dé, kí ìdá 10 nínú 100 ìyẹn sì wà fún ìdàgbàsókè àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ kí wọ́n ṣe níbí ni kí wọ́n ra ọ̀kadà fún alábòójútó ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó máa dé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kó jókòó ti òṣìṣẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí aláìsàn. Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbọ̀ngàn bá sì pọn dandan, kí wọ́n fi adelé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n bá mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì lẹ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ, pẹ̀lú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì, kí gbogbo wa lè kà á.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè kan,
Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́