Ìkéde: Hakluyt ló kàn ní Sátidé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkàwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Richard Hakluyt la máa sọ ní ìpàdé Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ló kó ìtàn ìrìn àjò àwọn atukọ̀ wọn jọ sínú ìwé lọ́dún 1589. Òun alára ò sì rìn kọjá ilẹ̀ Faransé! Ọmọ ilé ìwé ni nígbà tí ìbátan rẹ̀ kan, agbẹjọ́rò, fi máàpù ayé hàn án, tó sì ní kó ka Sáàmù 107, níbi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ rin òkun. Ọ̀rọ̀ òkun wọ̀ ọ́ lọ́kàn látìgbà náà títí tó fi kú lọ́dún 1616.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìwé rẹ̀: àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ra ata ní Bìní lọ́dún 1553. Èdè Potogí ni Ọba fi dá wọn lóhùn, ó ní bí ọjà wọn ò bá tó, òun á tà á fún wọn láwìn.

Ẹ mú Bíbélì dání o.