Kí Ọkàn Wà Níbi Tí Ara Wà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ibi tó o ti sọ pé o jókòó ti ìwé kan láti àárọ̀ di ọ̀sán, tó ò sì rántí gbólóhùn kan nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ojú tèmi náà ti rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n dá àpilẹ̀kọ mi padà lọ́dún tó kọjá, ojú mi á wà lórí ìwé, ọkàn mi á ti lọ bá ẹni tó bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ mi, á máa bá a jiyàn.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí kò le. Kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà, màá gbé fóònù sí yàrá kejì, màá fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, màá wá máa tẹ̀ lé èémí mi, bó ṣe ń tutù wọ imú, tó sì ń móoru jáde. Ìṣẹ́jú 10 péré. Ọkàn á sá lọ. Kò sọ́jọ́ tí kì í sá. Màá kàn dárúkọ ohun tó gbé e lọ, "ìbẹ̀rù nìyí," màá sì pè é padà láì bá a jà. Pípè é padà yẹn gan-an niṣẹ́ náà. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́ ni, ìyẹn ni mo fi kọ́kọ́ pa á tì.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́dún 2010, Killingsworth àti Gilbert ti Yunifásítì Harvard tẹ èsì ìwádìí kan jáde: wọ́n fi fóònù bi àgbàlagbà 2,250 ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, àti bóyá ọkàn wọn wà níbẹ̀. Nínú ìdáhùn 100, bíi 47 ló fi hàn pé ọkàn ti rìn lọ, inú wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, èsì ìṣirò ìwádìí mi dojú rú. Mo rí i pé èjìká mi ti gòkè dé etí, eyín mi ti há mọ́ra. Mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá padà wo àwọn nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. 99 tí mo fi sàmì sí ẹni tí kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ti kà á sí ọdún 99! Ká ní mo fi ìbínú tẹ̀ síwájú ni, mi ò ní rí i.

Ìjókòó tẹ̀ lé èémí yìí kò lè rọ́pò oorun o. Àìsùn tó o mẹ́nu bà yẹn, jọ̀ọ́, lọ rí dókítà. Má sì retí àyípadà lọ́jọ́ méjì; ọ̀sẹ̀ 8 ni ètò ìkọ́ni ní irú ìfọkànsí yìí tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1979 máa ń gbà.

Tó o bá ti jókòó tì í fún ọjọ́ díẹ̀, kọ̀wé sí mi, kó o sọ ibi tí ọkàn rẹ ń sá lọ jù fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́