Cava tó pẹ́ nínú ìgò yẹ lórí tábìlì oúnjẹ

Sí Olóòtú,

Kò dùn mọ́ mi bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọtí ṣe ń ka Cava, wáìnì tó ń hó ní ilẹ̀ Sípéènì, sí ohun tí a kàn ń mu níbi àríyá kí oúnjẹ tó dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Gran Reserva kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí ó lo oṣù 30, ó kéré tán, nínú ìgò pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà, nígbà tí oṣù 9 tó fún èyí tó wọ́pọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ló ń fún un ní òórùn búrẹ́dì yíyan, tí ìhó rẹ̀ fi ń rọ̀ lẹ́nu. Xarel·lo, èso àjàrà agbègbè Penedès ní Kataloníà, ló gbé e ró jù lójú tèmi, nítorí pé kíkan rẹ̀ kì í tètè lọ.

Ẹ gbé e ti adìyẹ sísun, ìrẹsì tí a fi edé sè, tàbí jamón, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ wọn, kí ẹ wo bí yóò ṣe gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Brut Nature, tí wọn kì í fi ṣúgà kún, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ má jẹ́ kí ó tutù jù, kí òórùn rẹ̀ má baà sá pamọ́, inú ife tó fẹ̀ nikùn ni kí ẹ sì dà á sí.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín