Ẹ má fi oògùn Ṣáínà ti ibà mọ́nú ara

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Oògùn Ṣáínà tí wọ́n ní ó ń fún ara lágbára láti dènà àrùn ti gbòde báyìí, láti Láágèrè dé Ọjà Odò-Ogbè ní Ilé-Ifẹ̀, títí dé Ọjà Àtakùnmọ̀sà ní Iléṣà. Wọ́n ń tà á fún arúgbó, fún aláboyún, fún ọmọ iléèwé tó ń wúkọ́, fún ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Páálí kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ìṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà ní ọgbọ́n nínú púpọ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi dùn mí pé à ń lò ó lọ́nà tí àwọn tó ni ín kò jẹ́ lò ó láé.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà gbà pé agbára kan wà tí wọ́n ń pè ní wei qi. Abẹ́ awọ ara ló ń rìn, òun ló ń ṣí ihò òógùn tó sì ń pa á dé, kí afẹ́fẹ́ burúkú má baà ráyè wọlé. Ẹni tí wei qi rẹ̀ bá rẹlẹ̀, òógùn á máa bò ó lọ́sàn-án gangan láìṣe iṣẹ́ kankan. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, imú rẹ̀ á máa dà. Òtútù yìí kò ní tíì tán tí òmíràn á fi dé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe oògùn tí wọ́n ń pè ní Yupingfeng san fún, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ páálí tí wọ́n ń tà fún wa.

Egbò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: huangqi ìpín méjì, baizhu ìpín méjì, fangfeng ìpín kan. Huangqi ló ń gbé agbára náà dìde. Baizhu ń tọ́jú inú, kí oúnjẹ tí a jẹ lè di okun. Fangfeng ń lé afẹ́fẹ́ tó ti yọ́ wọlé jáde, kí huangqi má baà sé e mọ́ inú. Fún àgbàlagbà, àgbo ọjọ́ kan jẹ́ huangqi gíráàmù 12, baizhu gíráàmù 12 àti fangfeng gíráàmù 6. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò tó fún èyí. Ẹ má fi ẹ̀kúnwọ́ wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀kúnwọ́ egbò tí wọ́n gé pẹlẹbẹ fúyẹ́ púpọ̀ ju ẹ̀kúnwọ́ èyí tí wọ́n ti lọ̀ lọ.

Ẹ fi omi ṣan egbò náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú ìṣáasùn pẹ̀lú omi bíi sẹ́ńtílítà 70 fún ìṣẹ́jú 30. Tí kò bá sí ìṣáasùn, ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún irin dúdú àti alumíníọ̀mù, torí egbò máa ń bá wọn ṣiṣẹ́, àwọ̀ àti adùn àgbo á sì yí padà. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù, ẹ dé e, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣí i sílẹ̀: fangfeng ní òórùn, òórùn yẹn wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tún bu omi ìlàjì lítà, ìyẹn píọ̀ wọ́tà kan, sí egbò kan náà, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ da omi méjèèjì pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ mu ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, ní lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, egbò tuntun ni. Bí a ṣe máa ń bu omi lé àgbo lójoojúmọ́ títí tí yóò fi ṣá, kò bá èyí mu rárá. Lẹ́yìn híhó ẹlẹ́ẹ̀kejì, ohun tó kù nínú egbò náà kò tó nǹkan mọ́, ooru ilẹ̀ wa á sì mú kí ó kan kí ilẹ̀ tó mọ́.

Èyí tí wọ́n ti sọ di èlùbọ́ inú ọ̀rá kékeré rọrùn jù: gíráàmù 5 ló sábà máa ń wà nínú ọ̀rá kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni àgbàlagbà sì ń lò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni kí ẹ fi dán an wò. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ dá a dúró.

Huangqi tó dára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láàárín, ó funfun díẹ̀ létí, tí ẹ bá sì jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó dùn díẹ̀, ó ní adùn ẹ̀wà tútù. Èyí tó funfun báláú tó ń rùn kíkan, imí-ọjọ́ ni wọ́n fi fín in, kò sì yẹ ẹni tó ní ikọ́ fée (ásímà). Nígbà òjò, egbò tó bá bu, tó hu ewú, ẹ dà á nù. Fífọ̀ àti sísá a sóòrùn kò lè mú májèlé ewú kúrò. Àwọn ará Ṣáínà tún máa ń fi huangqi bíi gíráàmù 15 sínú omi ọbẹ̀ adìyẹ, kí ó hó fún wákàtí kan, kí wọ́n ṣa egbò náà kúrò torí kò ṣeé jẹ. Adìyẹ ìbílẹ̀ wa yẹ èyí gan-an.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ibà. Huangqi ń pa ihò òógùn dé. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà fúnra wọn kìlọ̀ pé bí a bá fún ẹni tí ibà, ọ̀fun dídùn àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ofeefee ń dà láàmú ní huangqi, ńṣe la ti ilẹ̀kùn nígbà tí olè ti wà nínú ilé. Àrùn ni kí a kọ́kọ́ lé jáde. Ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, èyí túmọ̀ sí pé kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Artemether tí a sì ń rà ní ilé oògùn fún ibà yẹn, ara ewé qinghao ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà ayé àtijọ́, kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹrin pé kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu omi rẹ̀. Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ oògùn ará Ṣáínà, kíyè sí i pé kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ó sì fura pé ooru ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ní 1971, ó fi éétà, kẹ́míkà olómi kan tí kì í fẹ́ iná púpọ̀ kó tó hó, fa ohun tó ń pa kòkòrò ibà jáde. Iṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fojú fò. Òógùn ọ̀sán ni Yupingfeng wà fún. Ẹni tí òógùn ń bò lóru, tó ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì ń rù, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife (TB). Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fi ń mu huangqi, oṣù tó fi ń kó o ran ará ilé ni.

Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, tàbí tó ní àrùn tí ọmọ ogun ara fi ń bá ara jà, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan huangqi: oògùn tí dókítà fún un ń tẹ agbára ọmọ ogun ara yẹn lórí ba, huangqi sì lè gbé e dìde. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ní láti máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, pàápàá tí ginseng, egbò Ṣáínà mìíràn, bá wà nínú oògùn Ṣáínà tó rà. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sá fún ginseng àti lingzhi, tí í ṣe olú Ṣáínà kan. Gancao, egbò dídùn kan, tó bá pọ̀ máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Kí aláboyún má dá èyíkéyìí nínú wọn lò.

Ẹ ṣọ́ra fún kápúsù tó bá ń ṣiṣẹ́ bí idán. Ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti rí dexamethasone, oògùn òyìnbó tó lágbára tó ń tẹ ọmọ ogun ara lórí ba, nínú ohun tí wọ́n pè ní ewé lásán. Ara ríro á lọ lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ á máa wu ẹni tó ń lò ó jẹ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ojú á wú róbótó. Àwọn èèyàn á ní ara rẹ̀ ti yá, bẹ́ẹ̀ dexamethasone ń pa agbára tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ra oògùn náà gan-an. Tí ó bá sì ti pẹ́ tó ti ń lò ó, kí ó má já a lójijì; dókítà ni yóò máa dín in kù fún un.

Orúkọ tó jọra náà ń pa èèyàn. Ní ìlú Brussels ní Belgium, láàárín 1990 sí 1992, wọ́n fún àwọn obìnrin ní kápúsù tí wọ́n á fi fọn. Egbò tí wọ́n ń pè ní fangji ló yẹ kó wà nínú rẹ̀; guang fangji, tí í ṣe egbò Aristolochia, ni wọ́n fi rọ́pò. Èèyàn tó lé ní 100 ni kíndìnrín wọn bàjẹ́, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì mú àwọn kan lára wọn lẹ́yìn náà. Fangfeng wa yìí kì í ṣe fangji, nítorí náà ẹ wo orúkọ gígùn lára páálí: Saposhnikovia fún fangfeng, Astragalus fún huangqi, Atractylodes macrocephala fún baizhu. Páálí tí èdè Ṣáínà nìkan wà lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Nọ́ńbà NAFDAC ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ewé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ní òun ń ṣe wò.

Àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá lo oògùn Ṣáínà kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn ará Ṣáínà ti ń lọ èépá ojú ṣọ̀pọ̀nná, tí wọ́n ń fẹ́ ẹ sí imú ọmọ, kí ara rẹ̀ lè mọ àrùn náà kí ó tó dé. Ẹ̀gbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára nìyẹn. Nítòsí wa níhìn-ín, Ìmẹ̀sí-Ilé ni dókítà David Morley, tó ń bá Wesley Guild Hospital Iléṣà ṣiṣẹ́, ti gbé káàdì tí a fi ń wo ìdàgbàsókè ọmọ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Owó páálí oògùn yìí kan á ra ẹyin àti ẹ̀wà fún ọmọ tó ń ṣe òjòjò, tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ fi hàn pé kò dàgbà bó ṣe yẹ, ìyẹn ni mo máa kọ́kọ́ fún un.

Tí ojú bá pọ́n bí omi ajó, tí ìtọ̀ bá dúdú tàbí tó dín kù, tí ara bá ń yún, tí ẹsẹ̀ sì wú, ẹ dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ yẹn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ mú páálí, ìwé inú rẹ̀ àti èyí tó ṣẹ́ kù dání, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà. Nọ́ńbà tó wà létí páálí yẹn ni wọ́n á fi mọ ẹlòmíràn tó ra irú rẹ̀.

Èmi ni,
Apòògùn kan,
Láágèrè, Ilé-Ifẹ̀.